Ìjọ Carthage àti Àwọn Tó Yẹsẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìjọ ló ní ọjọ́ ìdásílẹ̀ tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n á gbé àwòrán olùdásílẹ̀ kọ́ ògiri, wọ́n á sọ bó ṣe gbọ́ ohùn lórí òkè, wọ́n á ka orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ bá a kúnlẹ̀ gbàdúrà. Ìjọ Ọlọ́run ní Carthage kò ní nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Ìlú ńlá etí òkun ni Carthage láyé àtijọ́, ní àríwá Áfíríkà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Tunis, olú-ìlú Tùnísíà, wà lónìí. Àwọn ará Róòmù pa á run lọ́dún 146 ṣáájú ìbí Jésù, àwọn náà ló tún padà kọ́ ọ, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ìlú tó tóbi jù ní gbogbo ìwọ̀-oòrùn ìjọba wọn. Kò sí àpọ́sítélì tí ìtàn lè tọ́ka sí pé òun ló gbé Ìhìnrere débẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó kọ́kọ́ fi àwọn onígbàgbọ́ agbègbè náà hàn wá kì í ṣe ìwé ìjọ rárá. Àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ ni.

Ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 180 ni ẹjọ́ náà wáyé. Ènìyàn 12, ọkùnrin méje àti obìnrin márùn-ún, láti ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Scilli, dúró níwájú gómìnà Saturninus ní Carthage. Orúkọ bíi Nartzalus àti Cittinus fi hàn pé ọmọ onílẹ̀ wà láàárín wọn. Gómìnà ní kí wọ́n fi ẹ̀mí Késárì búra, kí wọ́n sì máa lọ sílé. Speratus, tó ń gbẹnu sọ fún wọn, fèsì pé àwọn kò jalè rí, àwọn kì í sì í jẹ ìjọba lówó orí, ṣùgbọ́n ìbúra yẹn kò ní ti ẹnu àwọn jáde. Gómìnà bi í pé kí ló wà nínú àpótí tó gbé dání. Ó ní ìwé ni, àti àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, ọkùnrin olódodo kan. Wọ́n fún wọn ní 30 ọjọ́ kí wọ́n lọ rò ó. Wọ́n ní kò sí ohun tó kù láti rò. Wọ́n bẹ́ wọn lórí.

Àkọsílẹ̀ yìí kò ju nǹkan bí ojú ìwé kan lọ, síbẹ̀ nínú gbogbo ìwé Kristẹni ní èdè Látìnì tí ọjọ́ wọn dájú, òun ló pẹ́ jù. Àpótí Speratus náà tó wò dáadáa. Lẹ́tà Pọ́ọ̀lù ti dé ìlú kékeré ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n Bíbélì tí a ń dì mọ́ra lọ sí ìsìn lónìí kò tíì sí. Ó di ọdún 397, ọdún 217 lẹ́yìn ikú Speratus, kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó jókòó ní Carthage yìí kan náà, kí wọ́n ka àwọn ìwé tí ìjọ yóò máa kà ní gbangba lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwé 27 ti Májẹ̀mú Tuntun gẹ́lẹ́ bí gbogbo wa ṣe mọ̀ ọ́n. Nínú Májẹ̀mú Láéláé, wọ́n fi Tobit, Judith àti Maccabees kún un. Ìdí nìyẹn tí Bíbélì àwọn Kátólíìkì fi nípọn ju ti àwọn Onítẹ̀bọmi lọ títí di òní.

Ọdún 203 ni ìjọ náà rí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ara rẹ̀. Vibia Perpetua kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 22 lọ. Ọmọ ilé rere ni, ó mọ̀wé, ó sì ní ọmọ ọwọ́ tó ń fún lọ́mú. Òun, Felicitas tó jẹ́ ẹrúbìnrin, àti àwọn ọkùnrin mélòó kan wà ní ohun tí a máa pè ní kíláàsì ìrìbọmi nígbà tí wọ́n kó wọn. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún wọn lábẹ́ ìṣọ́ kí wọ́n tó gbé wọn lọ sẹ́wọ̀n. Saturus, olùkọ́ wọn, kò sí ńlé nígbà tí wọ́n wá kó wọn; nígbà tó gbọ́, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá wọn.

Nínú ẹ̀wọ̀n ni Perpetua ti kọ ìwé rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìwé tó pẹ́ jù tí obìnrin Kristẹni kankan kọ. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe àlàyé ẹ̀kọ́ ìsìn. Ó kọ nípa òkùnkùn ẹ̀wọ̀n, nípa ooru, nípa ọmú tó ń dùn ún nígbà tí ọmọ kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kọ nípa àlá: àkàbà tí wọ́n fi irin olóró há lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ejò ńlá lúgọ sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tó máa ń dun ònkàwé jù ni ibi tó ti sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Ọkùnrin arúgbó yìí kì í ṣe onígbàgbọ́. Léraléra ló wá bẹ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀, kò pè é ní ọmọ mọ́, ó ń pè é ní ìyá-ọ̀gá rẹ̀. Yorùbá tó bá rí bàbá tó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹnu. Ní ọjọ́ ẹjọ́, ó gbé ọmọ ọwọ́ náà wá síwájú adájọ́ Hilarianus, kó lè yí ìyá rẹ̀ lọ́kàn padà. Adájọ́ ní kí wọ́n taari bàbá àgbà náà sẹ́yìn, wọ́n sì nà án lọ́pá lójú ọmọ rẹ̀. Perpetua kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ẹni pé òun ni wọ́n nà ló ṣe rí lára òun. Síbẹ̀ kò yẹsẹ̀.

Felicitas ní tirẹ̀ lóyún oṣù mẹ́jọ. Òfin kò gbà kí wọ́n pa aláboyún, nítorí náà ẹ̀rù tó ń bà á ni pé wọ́n á fi òun sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, òun á sì kú láàárín àwọn ọ̀daràn tí òun kò mọ̀ rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbàdúrà, ó sì bímọ láìtọ́jọ́, ọmọbìnrin. Arábìnrin kan nínú ìjọ gba ọmọ náà tọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta, ọjọ́ ìbí Geta ọmọ Késárì, wọ́n kó gbogbo wọn lọ sí pápá ìwòran. Abo màlúù tó ya ẹhànnà ni wọ́n tú sí àwọn obìnrin méjèèjì. Nígbà tí ìyẹn kò pa wọ́n, wọ́n fi idà parí rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ pa Perpetua ń gbọ̀n, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló bá a darí idà sí ọ̀fun ara rẹ̀. Ọmọ Áfíríkà ni Septimius Severus, Késárì tó wà lórí oyè nígbà náà, ọmọ Leptis Magna ní Líbíà òde òní.

Ìwé Perpetua bí ìjiyàn kan tí kò tíì tán. Ó rí Dinocrates, àbúrò rẹ̀ tó kú ní ọmọ ọdún méje, lójú àlá nínú ìyà. Ó gbàdúrà fún un, ó sì tún rí i lẹ́yìn náà tí ara rẹ̀ ti dá. Ṣé ó yẹ kí alààyè máa gbàdúrà fún òkú? Àwọn tó ń rúbọ Mísà fún olóògbé máa ń tọ́ka sí i. Àwọn tí kò gbà bẹ́ẹ̀ sì máa ń sọ pé ìwé ajẹ́rìíkú kì í ṣe Ìwé Mímọ́.

Láyé Perpetua náà ni Tertullian ń kọ̀wé ní Carthage. Òǹkọ̀wé tí ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ ni. Nínú àwọn ìwé tó ṣì wà, òun ló kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ Látìnì tí àwọn ìjọ ìwọ̀-oòrùn ṣì fi ń pe Mẹ́talọ́kan. Òun náà ló kọ ìwé tó pẹ́ jù tó dá lórí ìrìbọmi nìkan, ó sì gbani nímọ̀ràn níbẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọdé dàgbà ná, kí ó mọ ohun tó ń ṣe. Èyí fi hàn pé àwọn kan ti ń ṣe é fún ọmọdé nígbà náà, àti pé àwọn mìíràn ti ń kọminú sí i.

Nínú ìwé tó fi gbèjà àwọn onígbàgbọ́ lọ́dún 197, ó ṣàlàyé àpótí owó ìjọ. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni ẹni tó bá fẹ́, tó bá sì lágbára rẹ̀, máa ń fi nǹkan síbẹ̀. Wọn kì í fipá gbà á. Ohun tí wọ́n ń fi ṣe ni kíkó oúnjẹ fún tálákà, sísin òkú aláìní, títọ́ ọmọ òrukàn, bíbójú tó ẹrú tó ti darúgbó, àwọn tí ọkọ̀ wọn rì lójú òkun, àti àwọn tí wọ́n rán lọ sí ibi ìwakùsà tàbí sẹ́wọ̀n nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Ẹni tó bá ń gba àpòòwé oríṣiríṣi lọ́jọ́ Ìsinmi lè fi àkójọ yẹn wé ti ìjọ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n Tertullian kò fara mọ́ àwọn tó bá rọra ń ṣe ẹ̀sìn. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ sí ẹgbẹ́ kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Àsọtẹ́lẹ̀ Tuntun, tó wá láti ilẹ̀ tó di Tọ́kì lónìí. Wòlíì, ìríran àti ààwẹ̀ líle ni tiwọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bá kiri láti ìjọ kan sí òmíràn ní Ìbàdàn àti Èkó lónìí, Tertullian ti wá a kiri ṣáájú wọn.

Ìṣòro tó fún ìjọ yìí lórúkọ nínú ìtàn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 250. Késárì Decius pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà Róòmù, kí wọ́n tọ́ ẹran ẹbọ wò, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ìjọba pé àwọn ti ṣe é. Ó lé ní 40 irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti hú jáde nínú iyanrìn Íjíbítì. Ní Carthage, àwọn ọmọ ìjọ kò dúró kí wọ́n wá kó wọn. Wọ́n rọ́ lọ síbi ìrúbọ. Bíṣọ́ọ̀bù wọn kọ̀wé pé nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí àwọn aláṣẹ ní kí àwọn kan padà wá lọ́la, ńṣe ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ṣe é lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíràn kò rúbọ o, owó ni wọ́n fún òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì bá wọn kọ ọ́ pé wọ́n ti rú u.

Bíṣọ́ọ̀bù náà ni Cyprian, olówó, olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, tí kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ nínú ìgbàgbọ́ nígbà tí wọ́n fi í joyè. Òun fúnra rẹ̀ sá lọ fara pa mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn tàbùkù rẹ̀ gidigidi. Àwọn àlùfáà Róòmù, tí wọ́n ti pa bíṣọ́ọ̀bù tiwọn, kọ lẹ́tà tó fi ọgbọ́n bá a wí nípa olùṣọ́ àgùntàn tó fi agbo sílẹ̀. Cyprian dáhùn pé bí òun bá wà nílùú, wàhálà á túbọ̀ le lórí ìjọ. Láti ibi tó sá sí ló ti ń fi lẹ́tà darí wọn, ọ̀pọ̀ lẹ́tà náà sì ṣì wà.

Nígbà tí ìjì náà rọlẹ̀, àwọn tó yẹsẹ̀ fẹ́ padà sílé. Ta ló máa gbà wọ́n? Àwọn tó lọ sẹ́wọ̀n tí wọn kò sẹ́ Jésù ti di ẹni ọ̀wọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà pé kí ìjọ gba lágbájá padà. Nígbà tó yá, lẹ́tà náà kò dárúkọ ẹni kan pàtó mọ́: kí wọ́n gba lágbájá pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Cyprian fi ìbínú kọ̀wé pé 20 tàbí 30 ènìyàn lè kó sábẹ́ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Àwọn àlùfáà kan ní Carthage ń gbà wọ́n wọlé láìbéèrè ohunkóhun. Ní Róòmù, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Novatian yarí kanlẹ̀ pé ẹni tó bá rúbọ kò gbọ́dọ̀ padà láéláé, ó sì dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀nà àárín ni Cyprian àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà yàn nígbà tí wọ́n pàdé lọ́dún 251. Ẹni tó ra ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò lọ́tọ̀, kí wọ́n sì gbà á. Ẹni tó rúbọ gan-an, kó máa ṣe ìrònúpìwàdà títí dọjọ́ ikú, nígbà náà ni wọ́n á fún un ní Ìdàpọ̀ Mímọ́. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n tún ẹsẹ̀ òfin náà tò. Inúnibíni tuntun ń bọ̀, wọ́n sì gbà pé kò bójú mu kí wọ́n rán ènìyàn lọ sójú ogun láìfún un lóúnjẹ. Wọ́n gba gbogbo àwọn tó ti ń ronú pìwà dà. Àwọn tó fẹ́ òfin tí kò ní í yí padà kò fẹ́ràn èyí. Ṣùgbọ́n ìpinnu yìí, ká sọ tòótọ́, ló fi ọgbọ́n hàn jù nínú gbogbo ohun tí ìjọ Carthage ṣe: wọ́n wo ojú àwọn ènìyàn tó wà níwájú wọn, kì í ṣe ojú òfin nìkan.

Àjàkálẹ̀ àrùn tún bọ́ sórí wọn láàárín ìgbà náà. Cyprian ṣàpèjúwe rẹ̀: inú tí kò dúró, ibà, èébì, ojú pípọ́n, àwọn tó pàdánù ẹsẹ̀, etí tàbí ojú wọn. Àwọn òpìtàn ń fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà. Pontius, díákónì tó kọ ìtàn ayé rẹ̀, ní ó pe ìjọ jọ, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe tọ́jú tiwọn nìkan, kí wọ́n tọ́jú àwọn abọ̀rìṣà tó ń ṣe inúnibíni sí wọn náà. Nígbà tí àwọn ajínigbé kó àwọn onígbàgbọ́ lọ ní Numidia, agbègbè tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Carthage, ìjọ Carthage dá owó, 100,000 owó Róòmù tí wọ́n ń pè ní sesterces, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ láti ra àwọn ènìyàn náà padà, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó dá a, kí wọ́n lè rántí wọn nínú àdúrà. Ìjọ tó bá ti dá owó láti gba ọmọ ìjọ rẹ̀ lọ́wọ́ ajínigbé ní Nàìjíríà mọ bí ìpàdé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí.

Ìjà tó kù fún Cyprian kì í ṣe pẹ̀lú Késárì. Pẹ̀lú Stephen, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, ni. Bí ẹni tí àwọn ọmọlẹ́yìn Novatian rì bọmi bá fẹ́ wá sínú ìjọ, kí ni kí wọ́n ṣe fún un? Stephen ní kí wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, ó tó. Cyprian ní kí wọ́n rì í bọmi, nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn òde ìjọ kò ní Ẹ̀mí tó lè fún ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 256, bíṣọ́ọ̀bù 87 péjọ ní Carthage, wọ́n sọ èrò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo wọn gbè sẹ́yìn Cyprian. Ó ní òun kò fipá mú ẹnikẹ́ni, kí bíṣọ́ọ̀bù tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ má ṣe tìtorí ẹ̀ yapa.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án 258, lábẹ́ Késárì Valerian, wọ́n mú un jáde níta ìlú láti bẹ́ ẹ lórí. Lọ́tẹ̀ yìí kò sá. Ó bọ́ aṣọ ìlékè rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún ẹni tó fẹ́ pa òun ní owó wúrà 25.

Inúnibíni tó kẹ́yìn, ti Diocletian, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 303, ó sì gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ìwé ni ìjọba ń wá: kí àwọn onígbàgbọ́ kó Ìwé Mímọ́ wọn wá kí wọ́n dáná sun ún. Ẹni tó bá kó o sílẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni lójú ìjọ. Mensurius, bíṣọ́ọ̀bù Carthage, ta ọgbọ́n: ó kó Ìwé Mímọ́ pa mọ́, ó sì fi ìwé àwọn aládàámọ̀ sílẹ̀ fún àwọn aláṣẹ láti kó lọ.

Ní Cirta, ìlú tó ń jẹ́ Constantine ní Àlgéríà lónìí, àkọsílẹ̀ ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 303 ṣì wà. Àwọn aláṣẹ wọ ilé ìjọsìn, wọ́n ń ka ohun tí wọ́n bá níbẹ̀: ife wúrà méjì, ife fàdákà mẹ́fà, àtùpà, aṣọ obìnrin 82, aṣọ ọkùnrin 16, bàtà ọkùnrin méjì-méjì lọ́nà 13, ti obìnrin lọ́nà 47. Àwọn tó ń rò pé ìjọ àtijọ́ kò mọ̀ ju orin àti àdúrà lọ kò tíì rí àkójọ yìí. Ilé ìtọ́jú aláìní ni ilé náà ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjọsìn. Díákónì kékeré kan tó ń jẹ́ Silvanus tún mú àtùpà fàdákà kan jáde, ó ní ẹ̀yìn ìkòkò ni òun ti rí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń lọ láti ilé akàwé kan dé òmíràn láti kó ìwé.

Inú ẹ̀ṣẹ̀ ìwé yìí ni ìyapa tó ju 100 ọdún lọ ti ṣẹ́ yọ. Nígbà tí Mensurius kú, wọ́n fi Caecilian jẹ bíṣọ́ọ̀bù Carthage. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Numidia, tí wọ́n tó 70, ní ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ọwọ́ lé e lórí, Felix ará Aptungi, ti kó Ìwé Mímọ́ sílẹ̀, nítorí náà oyè Caecilian kò mú. Obìnrin olówó kan tó ń jẹ́ Lucilla wà lẹ́yìn wọn. Caecilian ti bá a wí rí nítorí egungun ajẹ́rìíkú tó máa ń fẹnu kò kó tó gba Ìdàpọ̀ Mímọ́, kò sì gbàgbé. Wọ́n yan bíṣọ́ọ̀bù tiwọn, lẹ́yìn rẹ̀ ni Donatus jẹ, orúkọ rẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ náà wá ń jẹ́. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Késárì Constantine, dé Róòmù lọ́dún 313, dé Arles ní ilẹ̀ Faransé òde òní lọ́dún 314. Wọ́n dá wọn lẹ́bi níbi gbogbo. Ìwádìí fi hàn pé Felix kò jẹ̀bi. Ayédèrú lẹ́tà ni wọ́n fi kó bá a. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e lọ́dún 320 ìbá pani lẹ́rìn-ín bí kò bá bani nínú jẹ́. Silvanus, ẹni àtùpà ẹ̀yìn ìkòkò, ti di bíṣọ́ọ̀bù ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń pe àwọn ẹlòmíràn ní ọ̀dàlẹ̀. Òun àti díákónì rẹ̀ jà, díákónì gbé e lọ síwájú gómìnà, wọ́n sì ka àkọsílẹ̀ ọdún 303 sókè ní gbangba. Ọ̀nà yẹn ni ìwé náà gbà dé ọwọ́ wa.

Ìgbà tó fi máa di ayé Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, tó ń jẹ́ Annaba ní Àlgéríà lónìí, ọ̀pọ̀ ìlú ló ní bíṣọ́ọ̀bù méjì, pẹpẹ méjì, Bíbélì kan náà. Ẹni tó bá ti ìhà kan bọ́ sí ìhà Donatus, wọ́n á tún un rì bọmi, wọ́n sì ń tọ́ka sí Cyprian pé òun ló kọ́ àwọn bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn Augustine ni pé kì í ṣe àlùfáà ló ni ìrìbọmi, Kristi ló ni ín. Ìbáà jẹ́ Pétérù ló ṣe é, ìbáà jẹ́ Júdásì, Kristi ló ń rini bọmi. Bó bá jẹ́ ìwà mímọ́ àlùfáà ló ń mú un ṣẹ, ta ló lè sùn lóru láìsí àníyàn, nígbà tí kò sẹ́ni tó rí inú ọkàn àlùfáà rẹ̀?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 411, ìhà méjèèjì pàdé ní Carthage, bíṣọ́ọ̀bù 286 fún àwọn Kátólíìkì, ìhà kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn akọ̀wé tó ń yára kọ̀wé gba gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn Donatus kọ̀ láti jókòó pẹ̀lú àwọn tí wọ́n kà sí ẹlẹ́ṣẹ̀, ìdúró ni wọ́n wà. Marcellinus, aṣojú Késárì, dá ẹjọ́ lòdì sí wọn, lọ́dún tó tẹ̀ lé e òfin sì dé pẹ̀lú owó ìtanràn, ìgbẹ́sẹ̀lé ilé ìsìn àti ìlékúrò-nílùú fún àwọn àlùfáà wọn. Augustine, tó ti sọ nígbà kan rí pé a kì í fipá múni wá sínú ìgbàgbọ́, ti yí padà; ó ti fara mọ́ kí ìjọba lo agbára. Àríyànjiyàn rẹ̀ lórí ìrìbọmi lágbára tó láti dúró fúnra rẹ̀. Àwọn ṣọ́jà tó fi tì í lẹ́yìn ni kò bá a mu.

Ó kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ 430 nígbà tí àwọn ọmọ ogun Vandal dó ti ìlú rẹ̀. Carthage bọ́ sọ́wọ́ wọn lọ́dún 439, ó padà sọ́wọ́ ìjọba Róòmù ti ìlà-oòrùn ní 533, àwọn Árábù sì gbà á pátápátá ní 698. Lọ́dún 1053, bíṣọ́ọ̀bù márùn-ún péré ni Pópù Leo Kẹsàn-án gbọ́ pé ó kù ní gbogbo ilẹ̀ náà. Lọ́dún 1076, kò sí mẹ́ta tó lè para pọ̀ fi ẹlòmíràn joyè.

Àlàyé ìparun yẹn pọ̀, èyí tó yẹ kí Yorùbá gbọ́ ni ti èdè. Látìnì ni ìjọ náà fi ń jọ́sìn. Augustine mọ̀ pé àwọn ará oko ń sọ èdè Punic, ó sì wá àlùfáà tó gbọ́ ọ láti fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Fussala, ṣùgbọ́n kò sí Bíbélì kankan ní Punic tàbí ní èdè àwọn Berber tó tíì hàn láti ayé ìgbà náà. Àwọn Kristẹni Íjíbítì tí wọ́n ń pè ní Copt ní Bíbélì ní èdè tiwọn, ìjọ wọn sì wà títí dòní. Samuel Ajayi Crowther, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury lọ́dún 1864, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe ìtumọ̀ tó di odindi Bíbélì Yorùbá lọ́dún 1884.

Ìjà Carthage náà gba ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì dé Abẹ́òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn díẹ̀ ló mọ̀. Àwọn míṣọ́nnárì CMS tó dé síbẹ̀ lọ́dún 1846 gbé Ìwé Àdúrà Ìjọ Ángílíkà dání, nínú rẹ̀ sì ni Ẹ̀kọ́ 39 tí ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí lọ́dún 1571. Ẹ̀kọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n dáhùn ìbéèrè tí àwọn ọmọ ìjọ ń bi ara wọn nígbàkígbà tí àṣírí pásítọ̀ kan bá tú: ṣé ìsàmì tó ṣe fún ọmọ wa mú, ṣé ìgbéyàwó tó so wá pọ̀ dúró? Èsì ibẹ̀ ni ti Augustine, pé ìwà búburú òjíṣẹ́ kò ba ohun tí Kristi fi lélẹ̀ jẹ́ fún ẹni tó fi ìgbàgbọ́ gbà á. Apá yẹn ni wọ́n sábà máa ń rántí. Ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e ní kí wọ́n ṣèwádìí òjíṣẹ́ búburú, kí àwọn tó mọ ohun tó ṣe wá fẹ̀sùn kàn án, bó bá sì jẹ̀bi, kí wọ́n yọ ọ́ nípò.